Wúràọlá àti Oríkì Tó Ń Ṣílẹ̀kùn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Wúràọlá, kú nígbà ọ̀yẹ́ tó kọjá. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ ti ikú rẹ̀. Èmi fẹ́ sọ ti ẹ̀rín rẹ̀, nítorí ó máa ń rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ.

Ọdún 1996 ni. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Ìgbó-Ọrà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Èrúwà, tí wọ́n ti ń sọ ẹ̀gẹ́ di sítáàṣì. Èmi ń gbé àpò níbẹ̀. Wúràọlá ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ìṣó mọ́kànlá wà lára pátákó rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlá, ó sì mọ ẹni tó yẹ kó mú èwo. Bí ẹ bá mú èyí tí kì í ṣe tiyín, á kàn wò yín. Ẹ ó fúnra yín dá a padà.

Ọ̀gá Láńrewájú wá kó kọ̀ǹpútà mẹ́ta dé láti Ìbàdàn. Ó fi wáyà so wọ́n pọ̀: ọ̀kan ní sítọ́ọ̀, ọ̀kan nídìí òṣùwọ̀n, ọ̀kan ní ọ́fíìsì. Ó ní kí olúkúlùkù ní orúkọ kan àti páswọ́ọ̀dù kan, kó má lè ṣí ju ibi iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Wúràọlá ló gbé iṣẹ́ náà fún.

"Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ń bọ̀ wá dán an wò," ó wí. "Bí ẹnì kan bá wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, ọmọbìnrin kan láti Ìbàdàn ni yóò máa mójú tó o. Bí ẹnikẹ́ni kò bá lè wọ̀ ọ́, ìwọ ni."

"Pátákó mi ńkọ́, sà?"

"Pátákó ti parí."

Èèyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wá. Nígbà tí Wúràọlá kó orúkọ jọ láti inú ìwé mẹ́ta tó wà nílẹ̀, orúkọ mọ́kànlélọ́gọ́ta ló jáde. Ògúntọ́lá tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ń jẹ́ Josiah nínú ìwé ọ́fíìsì, ó ń jẹ́ Bàbá Ìbejì nínú ìwé géètì. Ìgbó-Ọrà sì nìyí: Bàbá Ìbejì márùn-ún ló wà nínú ìwé géètì yẹn.

"Bàbá Ìbejì wo lẹ jẹ́?"

"Èyí tí ìbejì rẹ̀ máa ń jà."

"Gbogbo ìbejì ló ń jà, ẹ jọ̀ọ́."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é, títí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ní orúkọ kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀. Ó wá ní kí a mú páswọ́ọ̀dù wa: ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé ilé iṣẹ́, tí a kò sì lè gbàgbé láé. Gbogbo wa mú oríkì wa. Kò sí ẹni tó bi ẹnì kejì ohun tó mú. Òun náà mú Àbẹ̀kẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, Bàbá Mùnírátù tó ń ṣọ́ géètì wọlé wá wòran. Àgbà ni. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ló ti kọ́ lẹ́tà.

"Wúrà, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹnikẹ́ni ò lè ṣí ti ẹlòmíràn?"

"Bàbá, eèrà ò lè ráyè wọlé."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ jókòó."

Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Dípò lẹ́tà, ìràwọ̀ kéékèèké ló ń jáde. Ti Ògúntọ́lá ṣí. Ti Edith tó ń wọn ẹ̀gẹ́ ṣí. Ó tẹ ti Wúràọlá fúnra rẹ̀. Ó ṣí.

Ọ̀la ni ọjọ́ Ẹtì.

"Bàbá, ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ta ló ń kí yín ní géètì láràárọ̀? Àjàní, o jí ire bí? Àjíkẹ́, ọkọ ńkọ́? Àbẹ̀kẹ́, ẹyinjú ìyá rẹ̀. Ọdún méje rèé tí mo ti ń fi páswọ́ọ̀dù yín kí yín."

Wúràọlá gbé orí lé tábìlì. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó rín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì kó ran gbogbo wa.

Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "A ó tún un ṣe. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò fi ń kí yín ni kí ẹ mú."

"Bí mo bá gbàgbé ńkọ́?" Edith bi í.

"Mú ohun tí o kò tíì sọ fún ọkọ rẹ."

"Ó pọ̀. Èwo ni kí n mú níbẹ̀?"

Ògúntọ́lá lọ dúró lábẹ́ igi mángòrò. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó padà dé, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Bí ẹnì kan bá ń tẹ tirẹ̀, àwa yòókù á kọjú sí ògiri. Kí á tó ṣíwọ́, a ti ṣe é tán.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn tó ni ilé iṣẹ́ dé. Wọ́n bèèrè ẹni tó gbọ́n jù nínú wa, kó wá gbìyànjú láti ṣí ti ẹlòmíràn. Gbogbo wa nawọ́ sí Bàbá Mùnírátù. Ó jókòó. Ó tẹ oríkì, kọ̀ǹpútà kọ̀. Ó tẹ orúkọ ọmọ, ó kọ̀. Ó tẹ orúkọ ajá tí Ògúntọ́lá fi ń ṣọdẹ, ó kọ̀. Wúràọlá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó di etí aṣọ ara rẹ̀ mú.

Bàbá dìde, ó nu òógùn. "Ó ti tì mí síta," ó wí. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege ìdánwò.

Bí iṣẹ́ náà ṣe di ti Wúràọlá nìyẹn. Ó gbé pátákó kọ́kọ́rọ́ wálé. Pátákó náà ṣì wà ní yàrá wa; fìlà mi ni mo ń fi kọ́ sára rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, èmi àti Wúràọlá jọ dé géètì. Bàbá Mùnírátù kọjú sí i.

"Ṣé mo ṣì lè kí ọ bí mo ṣe máa ń kí ọ?"

"Ẹ kí mi, Bàbá. Oríkì yẹn ò ṣílẹ̀kùn kankan mọ́."

"Àbẹ̀kẹ́," ó wí, ó sì ṣí géètì fún un.