Ikọ́ Tó Wà Lórí Nọ́ńbà Mẹ́rìndínlógójì

Ẹni tó bá wù kó pè mí ní onírọ́, kò kàn mí. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi nù ún kúrò lójú rọ́bà, òun náà ni kò sì jẹ́ kí n lè jẹ ọbẹ̀ ilá mọ́ títí dòní. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, n kò fẹ́ pariwo rẹ̀.

Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Kétu. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, èmi ni mò ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Odòmẹ́ta. Ìlù náà kì í ṣe onígi. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni, áàpù ìlù wà nínú rẹ̀, a sì fi wáyà so pátákó rọ́bà olójú mẹ́jọ mọ́ ọn. Ojú kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí o bá lù ú, á fi nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní MIDI, áàpù á sì dún bí ìlù tó wà lórí nọ́ńbà náà. Ìlù ńlá ló wà lórí mẹ́rìndínlógójì. Kò sí àdììtú níbẹ̀.

Bàbá Sẹ̀yí ni onílù wa tẹ́lẹ̀. Ikọ́ ló pa á. Nígbà tó ku díẹ̀ kó lọ, ó ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá gba ohùn àwọn ìlù òun sílẹ̀, kí wọ́n má bàa bá òun wọlẹ̀. Ó ń lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wúkọ́, ó sì ń tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú agolo tòmátì. Ìyá Sẹ̀yí, ìyàwó rẹ̀, gbé omi àlejò fún mi, ètè lásán ni mo fi kàn án. Nígbà tí mo délé, mo gé gbogbo ikọ́ yẹn dànù, mo fi ìlù nìkan sórí áàpù.

Ọ̀sán Sátidé ni nǹkan ṣẹlẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àdúrà ìrántí bàbá náà ku ọ̀la, mo sì ti ṣèlérí fún ìyàwó rẹ̀ pé ìlù ọkọ rẹ̀ ni gbogbo ìjọ máa gbọ́. Oòrùn ń jó páánù lókè orí mi. Mo lu ìlù ńlá, kò dún. Mo yẹ̀ ẹ́ wò: MIDI ní ọ̀nà mẹ́rìndínlógún, ọ̀nà kẹwàá ni rọ́bà ń gbà fi nọ́ńbà ránṣẹ́, ọ̀nà kìíní ni áàpù ń tẹ́tí sí. Mo tún un ṣe, mo tún lù ú.

Ó wúkọ́.

Ikọ́ tútù, èyí tó máa ń fa nǹkan gòkè látinú àyà.

Mo ní mo gbàgbé láti gé e ni. Mo ṣí ohùn náà wò, ìlù nìkan ló wà níbẹ̀. Mo pààrọ̀ wáyà. Ikọ́. Mo gbé ohùn mìíràn sórí nọ́ńbà náà. Ikọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín, mo rẹ́rìn-ín. Mo wá yọ wáyà, mo pa Bluetooth.

Ibì kan wà lójú áàpù tó ń fi gbogbo nọ́ńbà tó bá wọlé hàn. Kò sí ohunkóhun tó so mọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́. Ó kọ 36. Ó tún kọ 36. Ikọ́ ń tẹ̀ lé e.

Mo fọwọ́ kan rọ́bà, ó yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni, ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín wà nínú rẹ̀, ó sì ń fà láti ojú rọ́bà dé ìka mi. Ẹ̀gbin! Mo fi ṣẹ́ẹ̀tì mi nù ún, òmíràn tún yọ. Mo wí sókè pé kí n pa gbogbo ohùn bàbá náà rẹ́, kí n sinmi.

"Àbúrò, má pa á rẹ́."

Ìyá Sẹ̀yí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti ìgbálẹ̀. Ó wá gbálẹ̀ de ọ̀la ni.

"Ìyá, ohun tó wà nínú rẹ̀ yìí ò dáa," ni mo sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ọkọ mi ni."

Ikọ́ tún dún lójú rọ́bà. Ìyá náà kúnlẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Sẹ̀yí," ló wí, ikọ́ náà sì rọlẹ̀. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ nu rọ́bà, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, bí ìyá ṣe ń nu imú ọmọ.

Mo ní kó máa gbé tábúlẹ́ẹ̀tì àti rọ́bà náà lọ. Ẹ má rò pé àánú ló ṣe mí. Ó ń rí mi lára ni, n kò fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́. Lọ́jọ́ kejì mo purọ́ fún ìjọ pé tábúlẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́, àtẹ́wọ́ la fi kọrin.

Àwọn ará ilé Ìyá Sẹ̀yí sọ pé láràárọ̀ ni ikọ́ ń dún ní yàrá ìyá náà, tí òun náà á máa dá a lóhùn pé ẹ pẹ̀lẹ́. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ní ikọ́ ti di méjì. Bí ọ̀kan bá wúkọ́, èkejì á gbè é.

Torí náà, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ mi: ẹni tí ẹ̀gbin rẹ̀ bá ń rí yín lára, ẹ má gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá sì ti gbà á, ẹ má gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Láàárọ̀ yìí, Ìyá Sẹ̀yí tún ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí, pé kí n jọ̀ọ́ wá pa á rẹ́ fún òun. Mo ní mò ń bọ̀. N kò tíì dìde.