Ọgbẹ́ Tí Mo Fi Irun So

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, mo ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn kékeré kan ní Pobẹ̀. Ọ̀gá wa gbà pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti pa ọgbẹ́ orí dé: kí a fá irun, kí a fi òwú rán an.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọ̀gá lọ sí Sakétẹ́, mo rán orí ọkùnrin ará Ahoyéyé kan tó já bọ́ látorí òrùlé. Òun ni mo lo ìyókù oògùn tí í pa ìrora fún. Mi ò tíì fọ abẹ́rẹ́ tí ọkùnrin mìíràn fi gbé ìyàwó rẹ̀ dé lórí kẹ̀kẹ́ láti Issaba. Ìdì ẹyìn ló já lù ú lórí.

Bí mo ṣe mú abẹ ìfárí, obìnrin náà fọwọ́ bo orí.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́! Ọkọ mi ò kú, ẹ má sọ mí di opó.”

Ọkọ dá sí i: “Èmi náà ò fẹ́ kí ẹ sọ mí dòkú lójú ayé mi.”

Inú bí mi. Kò sóògùn, abẹ́rẹ́ ti kú, àwọn méjèèjì tún ń bá mi jà! Mo fọ ọgbẹ́ náà, mo tẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá, mo fọwọ́ wò ó pé egungun ò fọ́. Mo wá fa irun ọ̀tún àti tòsì pọ̀, mo lọ́ wọn, mo so wọ́n ní kókókókó lórí ọgbẹ́. Ẹnu ọgbẹ́ náà pa dé.

Ọ̀gá dé bá wa níbẹ̀.

“Ṣé ilé onídìrí nìyí? Ìwé wo lo ti kà á?”

“Kò sí nínú ìwé, ọ̀gá.”

“Tú u!”

Obìnrin náà wé gèlè, ó jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ọjọ́ kẹjọ, àwọn aláìsàn méjèèjì padà wá. Bí mo ṣe ń yọ òwú lórí ará Ahoyéyé, ó ń pariwo, ojú òwú méjì sì ti gbọyún. Ti obìnrin náà, mo kàn gé kókó irun ni. Ẹ̀rín ló ń rín.

Ọ̀gá fọwọ́ ya irun obìnrin náà, ó wo ojú ọgbẹ́ tó ti jinná.

“Oríire ni,” ló wí. “Lọ́jọ́ mìíràn, fá a.”

Mi ò sọ pé òwú ò dára. Ọgbẹ́ tó jìn, tàbí orí tí irun rẹ̀ kúrú, kí ni irun fẹ́ ṣe sí i? Ṣùgbọ́n kéèyàn fojú rí orí méjì, kó tún sọ pé oríire ni! Mo gbé abọ́ irin lọ sídìí kànga, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí n má baà dá a lóhùn.