Púlọ́ọ̀gì Tó Pa Ariwo Rédíò Mi

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé rédíò ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ọkọ mi ń bọ̀. Ilé wa ní Ìsẹ́yìn fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, ariwo rẹ̀ kì í sì í jẹ́ ká gbọ́ alùpùpù ọkọ mi, àfi tó bá dé ẹnu ọ̀nà. Èmi á gbé rédíò sétí, mà á máa ká òwú fún àwọn ahunṣọ. Bí ọkọ mi bá ti kó aṣọ òfì lọ tà ní Tẹ̀dé tàbí Ìgànná, tó ń padà bọ̀, tó dé ibi afárá kékeré tó wà nísàlẹ̀ ilé wa, rédíò á bẹ̀rẹ̀ sí í dún kra-kra-kra bí àgbàdo tó ń ta nínú agbada. Mà á fi òwú sílẹ̀, mà á lọ bu omi tí yóò fi bọ́jú.

Ṣé ẹ rò pé mo dúpẹ́? Ìjà ni mo ń bá a jà. Eré kan wà tí wọ́n ń ṣe lórí rédíò nírọ̀lẹ́, n kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan fò mí. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sọ ẹni tó jí ọmọ ọba gbé gan-an ni ọkọ mi gbé ariwo rẹ̀ dé. Mo sunkún bí ọmọdé, àgbàlagbà abilékọ! Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì mú mi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Mẹkáníìkì ní, “Irú púlọ́ọ̀gì méjì ló wà tó ń ṣáná fún ẹ́ńjìnnì alùpùpù, bàbá. Èyí tẹ́ ẹ ń lò yìí, iná rẹ̀ máa ń ta sínú rédíò. Èyí tí wọ́n kọ R sí lára, wọ́n ti fi nǹkan sé e nínú, rédíò ò ní mọ̀ pé ẹ ń kọjá. Èyí tọ́kàn yín bá fẹ́ ni.”

Ọkọ mi kò fẹ́ pààrọ̀. Ó ní alùpùpù lè má tètè jí láàárọ̀ ọyẹ́ bí òun bá fi tuntun sí i, èyí tí òun mọ̀ lòun gbẹ́kẹ̀ lé. Mo fajú ro. Ó wò mí, ó wá sọ fún mẹkáníìkì pé, “Fi tìyàwó sí i. Èmi ni mò ń gùn ún, àmọ́ òun ló ń retí mi.”

Láti ọjọ́ náà, rédíò mi ń dún ketekete. Mo fi ṣe fáàrí fún gbogbo ìyàwó ilé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbọ́ eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ìdíwọ́ kankan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ni obìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà sáré wọlé. “Ìyá, ẹnìkan ti ṣubú nísàlẹ̀ afárá! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ màṣíìnì rẹ̀ lójú kan, mo ṣebí ó dúró ṣàlùwàlá ni.”

Alùpùpù náà fara ti àpáta, ó ṣì ń dún. Ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, irin ti ya á nítan, ẹ̀jẹ̀ ti dà jù. Kò dé ọsibítù láàyè. Púlọ́ọ̀gì àtijọ́ ì bá ti ké sí mi. Ǹ bá gbọ́ tí kra-kra-kra dé, tí kò lọ, ǹ bá sì sáré jáde.

Àwọn àgbà ní kádàrá ò gbóògùn. Mo gbà fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú péjọ, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe. Eré tí mo gbọ́ tán ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, n kò rántí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ mọ́.

Mo ti darúgbó báyìí, ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ti kúrò níbẹ̀. Àmọ́ bí alùpùpù kan bá kọjá, tí rédíò mi sì dún kra-kra-kra, mà á ti bu omi sínú abọ́ kí n tó rántí.