Ọjọ́ tí mo pọn ìyá mi lọ sílé Erinlẹ̀

Ẹ béèrè mi ní Ìfọ́n. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí ẹni tó ń gbé àpò kòkó sórí ọkọ̀ bí èmi. Ìwé kejì ni mo kà dé, ṣùgbọ́n ilé onípáànù ni mo kọ́, tíṣà méjì ló sì ń gbé yàrá mi. Ọ̀ràn tí mo bá dáwọ́ lé, ó ti parí nìyẹn.

Ẹsẹ̀ ìyá mi ti kọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ Ìlobù ni. Wọ́n ti fá orí rẹ̀ fún Erinlẹ̀ kó tó fẹ́ bàbá mi, àwo rẹ̀ sì wà nílé òrìṣà láàárín ìlú wọn lọ́hùn-ún: ìkòkò ọlọ́mọrí tí wọ́n ń bu omi odò sí, tí kò gbọdọ̀ gbẹ. Èmi ń kírun ní tèmi, àmọ́ n kò bá a jà sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó ní òun ò ní pẹ́ lọ mọ́, pé òun fẹ́ fojú kan àwo òun, kí òun fọwọ́ ara òun bu omi sí i.

Kò lè jókòó lórí kẹ̀kẹ́. Mo bá fi ọ̀já pọ̀n ọ́n. Kò wúwo rárá, ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Bí a ti wọ Ìlobù, obìnrin kan tó ń sá ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà ní, "Bàbá ọlọ́mọ, ẹ kú ọmọ pípọ̀n o. Ọmọ á dàgbà."

Mo ní, "Èyí ti dàgbà. Òun ló bí mi."

Ìyá mi yọjú léjìká mi. "Ẹ bá mi kọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́. Kò mọ ọmọ pọ̀n, ó ń gbọ̀n mí jìgìjìgì."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́ sí i lọ́fun.

Ilé òrìṣà ọ̀hún ti wà kí wọ́n tó bí bàbá bàbá ẹnikẹ́ni tó wà láyé. Ògiri rẹ̀ nípọn, inú rẹ̀ sì tutù bí etí odò. Ìyá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn ló ń ṣọ́ ọ. N kò lè dọ̀bálẹ̀ nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn mi, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, mo sì dìde láti wọ yàrá inú. Ó fi ọ̀pá dábùú ọ̀nà.

"Ibi tí tìẹ mọ nìyẹn. Ẹni tí wọn ò fá orí fún òrìṣà kì í kọjá ìloro yìí."

"Ìyá, ẹ bá mi pe àwọn tí wọ́n ti fá tiwọn, kí wọ́n wá gbé e."

"Gbogbo wọn ti lọ pọnmi lódò. Èmi nìkan ló kù, èmi náà sì nìyí."

Mo ní kí n dijú wọlé, kí n gbé e kalẹ̀, kí n jáde.

"Bí o bá dijú, ṣé ẹsẹ̀ rẹ náà á dijú ni?"

Mo ní màá mú àgbò wá. Ó wò mí. "Ta ló béèrè àgbò lọ́wọ́ rẹ?"

Mo ní ká dúró de àwọn tó lọ sódò. Ìyá mi ní òun ò mọ̀ bóyá òun á lè dúró. "Sọ̀ mí, baba mi."

Mo sọ̀ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìdí wọ́ lọ lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi ìgbẹ́ màálù pa. Ibẹ̀ kò jìnnà. Bí mo bá nà gbalaja, ọwọ́ mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àwo náà. Nígbà tó dé àárín, ìró rẹ̀ tú. Ọkùnrin kì í wo ìhòòhò ìyá rẹ̀, mo kọjú sí ògiri. Ọwọ́ méjèèjì tí mo fi ń gbé kòkó, ara ògiri ni mo fi wọ́n tẹ̀, tí mò ń gbọ́ bó ti ń wọ́, tó ń mí, tó ń sinmi, tó tún ń wọ́.

Mo gbọ́ tí ọmọrí dún.

"Omi ṣì wà nínú rẹ̀," ó ní. "Wọ́n ń bá mi bu ú." Ó bu tirẹ̀ kún un látinú àmù omi odò tó wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ.

"Ẹ máa bọ̀ o, Ìyá."

"N ò lè wọ́ padà. Máa bá mi sọ̀rọ̀, kí n mọ̀ pé o wà níbẹ̀."

Mo bá ń ròyìn oko fún un. Mo ní iṣu ti ń hù. "Hùn," ó ní. Mo ní ọ̀yà ti ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ lápá àkùrọ̀. "Hùn." Mo ní mo ti ro ìdí kòkó tí bàbá mi gbìn. Kò dáhùn. Mo tún un sọ sókè.

Ìyá arúgbó fi ọ̀pá rẹ̀ tẹlẹ̀ wọlé. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ó jókòó tì mí ní ìloro, ó di ọwọ́ mi mú. "Ó ti lọ, ọmọ mi."

Òun lè wọlé, kò lágbára tó lè fi gbé e. Èmi lágbára, n kò lè wọlé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe jókòó, ìyá mi nínú lọ́hùn-ún, títí a fi gbọ́ ohùn àwọn tó ń ti odò bọ̀.