Ṣòkòtò Awọ Lienhart Pächtl

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a kọ sílẹ̀ kí ayé tó gbàgbé rẹ̀: olóògbé Lienhart Pächtl, olùyẹ̀wò ọtí ìlú Oberstaining, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ ṣòkòtò awọ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó jẹ́ ọ̀bùn. Iṣẹ́ ìjọba ni ṣòkòtò náà ń ṣe.

Wọn a da bíà tuntun sórí bẹ́ǹṣì, Lienhart a jókòó lé e fún wákàtí kan gbáko. Bí ó bá dìde tí bẹ́ǹṣì bá a dìde, ọkà báálì inú ọtí náà pé. Bí ó bá dá dìde, wọn a fọ́ àgbá ọlọ́tí, wọn a sì gba ìkòkò ìpọntí rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni bẹ́ǹṣì fi ń bá a dìde. Ottilie ìyàwó rẹ̀ ní kò ya òun lẹ́nu, pé bí ṣòkòtò náà bá fara kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, á gbé e délé.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀fìnkìn dá Lienhart dùbúlẹ̀, òórùn ṣòkòtò náà borí Ottilie. Ó fi omi eérú fọ ṣòkòtò, ó sá a, ó fi ọ̀rá ẹran pa á kí awọ má baà le, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Ọtí Kunigund ni ó kàn láti yẹ̀ wò. Opó ni Kunigund, ọmọ mẹ́rin ló ń fi ìkòkò ìpọntí rẹ̀ bọ́.

Lienhart kọ́kọ́ mu ife kan, ó mi orí lẹ́ẹ̀mẹta pé ọtí náà dára. Kò mi orí lẹ́ẹ̀mejì fún ẹnikẹ́ni rí. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ìdí rẹ̀ sì yọ̀ bọ̀rọ́ lórí bẹ́ǹṣì bí ẹja. Ó gbójú sókè, ó wo ìyàwó rẹ̀ láàárín èrò. Ottilie wo bàtà ara rẹ̀.

Akọ̀wé Seifrid ní, “Wákàtí ti pé, Bàbá Lienhart. Ẹ dìde.”

“N kò lè dìde. Ọtí ti dì mí mú.”

“Ẹ gbìyànjú.”

“Kí ni o rò pé mo ti ń ṣe láti ìgbà yìí?”

“Ẹ jẹ́ ká bá yín fà á.”

“Kí awọ ìjọba wá ya? Ṣé tìrẹ ni wàá fi jókòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?”

Ó jókòó títí agogo ìrọ̀lẹ́ fi lù. Oúnjẹ akọ̀wé ti tutù nílé. Akọ̀wé fi ìbínú kọ ọ́ sínú ìwé ìlú pé: “Ọtí náà dára. Ó tiẹ̀ ti dára jù.” Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé Lienhart lọ sílé tòun ti bẹ́ǹṣì.

Kì í ṣe pé ó máa ń dẹwọ́ fún àwọn ọlọ́tí. Òfin Díúkù, olórí ilẹ̀ náà, ni pé ọkà báálì, omi àti òdòdó kíkorò tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀pù nìkan ni kí ó wọ inú bíà. Lọ́jọ́ tí ó gbọ́ òórùn ewé inú igbó nínú ọtí ọlọ́tí kan tó ń jẹ́ Jobst, ọkùnrin náà ní, “Ewé kan ló já bọ́ sínú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n.” Lienhart ní, “Ewé wo ló já bọ́ látorí igi, tó tún lọ gún ara rẹ̀ lódó?”

Àlùfáà ọ̀dọ́ kan pẹ̀lú gbìyànjú láti dẹ ẹ́ mú: “Ìwúkàrà tó ń mú ọtí hó ńkọ́, sà? Kò sí nínú òfin.” Lienhart fọwọ́ pa irùngbọ̀n. “Ọlọ́run ló ń fi ìyẹn sí i. Bí o bá rí I mú wá sí kóòtù, kí o ránṣẹ́ pè mí.”

Nígbà tí ó kú, Kunigund ló gbé ọtí ìsìnkú wá, láti inú ìkòkò yẹn náà. Ó fa Ottilie sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. “Ìyá Margret, ẹ má bínú. Lọ́jọ́ yẹn, ṣé ọtí mi mú bàbá lóòótọ́?”

Ottilie rántí bí ẹ̀yìn ọkọ òun ṣe gan lẹ́yìn ìjókòó ọjọ́ náà, tí òun ń fi ṣíbí bu ọbẹ̀ sí i lẹ́nu. Ìgbàkígbà tí ó bá fẹ́ jẹ́wọ́, tí ó ní, “Bàbá Margret, ní ti ṣòkòtò yẹn,” ọkọ rẹ̀ a ní, “Ṣòkòtò wo?”

“Ó mú un, ọmọ mi,” ni ó wí, ó sì nu ojú. “Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi lè nàró.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, èwo ni irọ́ níbẹ̀?