Ẹ̀gbà Ìyá Àgbà àti Ọ̀pá Sójà

Òórùn obì tútù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní ilé wa ní Alabar, obì àti ewé tútù tí wọ́n fi ń wé e sínú apẹ̀rẹ̀, nítorí obì ni bàbá mi ń rà nínú igbó Asante tí wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí Ìlọrin. Bí o bá ti kọjá àwọn apẹ̀rẹ̀ wọ̀nyẹn tán, àgbàlá lo máa bọ́ sí: ilẹ̀ pupa tí a ti gbá títí tó fi le bí awọ, yàrá yí i ká, igi gúrọ́fà kan wà ní igun ọ̀hún. Kumasi ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé yẹn gan-an. Góòlù Kóòsì ni wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ náà. Òmìnira ń bọ̀, kò tíì dé. Èmi ti di ọmọge, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ọkọ mi. Ìwọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, yéé rẹ́rìn-ín.

Abọ́ tánganran lèmi àti ìyá mi ń tà lọ́jà. Kí a tó gba abọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kó o wá, a ó fi èékánná ta á létí. Èyí tó pé, ohùn rẹ̀ á gùn, á máa lọ títí kó tó kú. Èyí tó ti sán lábẹ́ ọ̀dà á kàn dún pọ́kọ́, ó parí. Láti kékeré ni mo ti ń fetí sí abọ́ báyìí, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni.

Ohun kan wà tí a máa ń ṣe ní ilé wa. Bí wọ́n bá bímọ, abẹ tí wọ́n fi gé ìwọ́ rẹ̀, wọn kì í fi gé nǹkan mìíràn mọ́. Wọ́n á wé abẹ náà pọ̀ mọ́ ìwọ́ ọmọ sínú aṣọ, wọ́n á sin ín sínú àgbàlá, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbẹ́ ibẹ̀ láé. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń fi ọwọ́ ara wọn sin gbogbo rẹ̀. Kò sí ọmọ ilé tí kò mọ ibi tirẹ̀. Tèmi wà nídìí igi gúrọ́fà. Bí mo bá jókòó níbẹ̀ ní kékeré, ṣe ló máa ń dà bíi pé orí ara mi ni mo jókòó sí.

Ìyá àgbà ní ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà méjì tí wọ́n mú wá láti Ìlọrin, nígbà tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé ọkọ wọn wá sí Kumasi. Gbogbo ọmọbìnrin ilé wa ló ń wọ ẹ̀gbà yìí lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n á sì dá a padà. Èmi ló kàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá àgbà kú tí wọ́n ṣí àpótí wọn, kò sí ẹ̀gbà níbẹ̀. Ìyàwó kékeré bàbá mi, tí èmi ń pè ní Àǹtí, ló tọ́jú wọn nínú àìsàn tó pa wọ́n. Àǹtí ló ń wẹ̀ wọ́n, Àǹtí ló ń bu ẹ̀kọ sí wọn lẹ́nu. Àǹtí wá sọ pé Ìyá àgbà ní àwọn ti ri ẹ̀gbà náà mọ́lẹ̀ nínú àgbàlá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní gbẹ́, ohùn wọn sì ti lọ kí wọ́n tó dárúkọ ibẹ̀.

Ìyá mi pàtẹ́wọ́. "Kai! Ìyàwó, ilẹ̀ ló wá gbé e mì? Kí ilẹ̀ náà pọ̀ ọ́ nígbà náà."

Ayálégbé kan wà ní yàrá ẹ̀yìn tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Sójà. Wọ́n ti tẹ̀lé òyìnbó lọ jagun ní Bọ́má, lókè òkun. Iṣẹ́ wọn níbẹ̀ ni kí wọ́n máa ṣíwájú àwọn yòókù, kí wọ́n máa wá àdó olóró tí ọ̀tá rì mọ́lẹ̀. Ọ̀kan bú gbàmù nítòsí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n padà wálé pẹ̀lú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí àwọn ológun ń ta ẹrù àlòkù, Sójà ra ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá àdó náà: ọ̀pá gígùn tó ní àwo pẹlẹbẹ nídìí, àpótí bátìrì tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, àti ohun méjì bí ìdérí ìkòkò kékeré tí wọ́n ń dì mọ́ etí. Ọ̀pá yìí ni wọ́n fi ń wá irin àtijọ́ nínú ilẹ̀, wọ́n á wú u, wọ́n á tà á fún àwọn alágbẹ̀dẹ. Ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n. Ẹjọ́ méjì péré ni wọ́n máa ń rò: pé àwọn obìnrin ilé wa ń jẹ ọ̀rọ̀ sẹ́nu, àti pé èéfín ọkọ̀ ti lé gbogbo ẹyẹ kúrò ní Kumasi.

Bàbá mi bẹ Sójà kí wọ́n bá wa wá ẹ̀gbà náà. Gbogbo wa dúró lẹ́nu yàrá, à ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń gbé ọ̀pá náà yí àgbàlá po. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n bọ́ ohun etí náà, wọ́n mi orí. "Irin nìkan ni. Abẹ àwọn ọmọ yín. Kò sí fàdákà níhìn-ín."

Ó parí nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ìyá mi kò fẹnu kan oúnjẹ tí Àǹtí bá sè mọ́. Bí Àǹtí bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, ìyá mi á kàn máa gbálẹ̀ lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Ó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi wá ra símẹ́ǹtì, wọ́n tò ó sábẹ́ òrùlé, wọ́n ní àwọn fẹ́ dà á bo gbogbo àgbàlá kí òjò yé sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Ọjọ́ tí símẹ́ǹtì náà dé ni Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mo bá wọn nínú yàrá, wọ́n ń ká aṣọ.

"Bí wọ́n bá ti dà á tán, orúkọ mi ti wà lábẹ́ rẹ̀ nìyẹn," ni wọ́n wí, wọn kò wojú mi. "Mo máa lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Tamale."

Àǹtí ló ń di irun mi láti kékeré. N kò lè dúró kí n máa wò ó. Mo lọ bá Sójà.

"Bàbá Sójà, ẹ kọ́ mi ní ọ̀pá yín."

"Sọ̀rọ̀ sókè! Láti fi ṣe kí ni?"

"Kí n fi wá ẹ̀gbà Ìyá àgbà."

"Mo ti wá a. Àbí o rò pé mo sùn lọ ni?"

"Ẹ kò sùn, Bàbá. Ẹ̀yìn ń dùn yín, èmi á máa ru àpótí yín lọ sí Santasi. Ẹ ṣáà kọ́ mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà. Ìyá mi rí mi tí mo gbé àpótí náà kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n gbé ọwọ́ lé orí. "Ẹ wá wo ọmọ tí à ń wá ọkọ fún! Ṣé ogun lo fẹ́ lọ fẹ́ ni?"

Ilẹ̀ kan wà ní Santasi nígbà náà tí wọ́n ń kó ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ sí, ibẹ̀ la ti ń kọ́ ọ. Bí o bá tan ẹ̀rọ náà, ìró fífọn kan á gba gbogbo orí rẹ. O máa rọra yí kókó kan lára àpótí, ìró náà á máa sọ̀kalẹ̀, á máa nípọn, títí yóò fi dà bí ológbò tó ń hanrun. Ibẹ̀ ni kí o dá a dúró sí. Bí o bá yí i kọjá, á dákẹ́. Bí o bá tún yí i síwájú, á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lápá kejì, gbogbo nǹkan á sì dojú rú, fàdákà á máa dún bí irin, irin á máa dún bí fàdákà. Bí o bá dá a dúró síbi tó yẹ, tí àwo náà sì kọjá lórí irin, ológbò náà á hanrun sísàlẹ̀ sí i. Kò tán síbẹ̀ o. Bí oòrùn bá ti mú àpótí gbóná, ohùn náà á sá kúrò níbi tí o fi í sí, o ní láti dúró, kí o yí kókó, kí o pè é padà. O kò lè bínú sí i. Bí o bá bínú, ọwọ́ rẹ á yí i kọjá.

"Kì í ṣe ilẹ̀ lò ń gbá!" ni Sójà máa ń kígbe. Ọwọ́ mi ti mọ́ ìgbálẹ̀ jù, ó máa ń gbé àwo náà sókè nígbà tó bá fẹ́ dé òpin, ohùn á yí padà, èmi á sì fò sókè pé mo ti rí nǹkan. Mo gbẹ́ ilẹ̀ Santasi lásán títí àwọn obìnrin tó ń kọjá lọ sóko fi bi mí bóyá iṣu ni mo fẹ́ gbìn. Ó pẹ́ kí n tó mọ ibi tí ìṣòro mi wà: mo fẹ́ kó dún jù. Etí tó ti fẹ́ gbọ́ nǹkan kò ní ṣàìgbọ́ ọ, yálà ó wà ńbẹ̀ tàbí kò sí. Mo wá kọ́ láti máa lọ pẹ̀lẹ́, kí àwo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ilẹ̀, kí n má bẹ ohùn náà ní nǹkan kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Sójà ń sinmi lábẹ́ igi, mo bọ́ òrùka fàdákà ọwọ́ mi, mo bu erùpẹ̀ bò ó, mo gbé àwo kọjá lórí rẹ̀. Ológbò náà kò hanrun. Ó gòkè, ó tín-ín-rín, ó di ìfé ẹyẹ.

"Bàbá Sójà, ó ń fọn!"

"Irin kì í fọn."

"Òrùka mi ni. Ẹ wá gbọ́."

Wọ́n gba ohun etí náà lọ́wọ́ mi, wọ́n dì í mọ́ etí, wọ́n gbé àwo sórí òrùka. Mo ń wo ojú wọn. Nǹkan kan kò yí padà níbẹ̀. "Ó ti dákẹ́," ni wọ́n wí. "Bátìrì ni." Mo gbà á, mo tẹ́tí sí i: ó ń fọn ketekete. Mo dá a padà fún wọn. Ó dákẹ́. A ń gbà á lọ́wọ́ ara wa báyìí, títí wọ́n fi fi ọwọ́ ara wọn bọ́ ọ kúrò létí, tí wọ́n jókòó sórí àpótí náà.

Ó ṣe díẹ̀, wọ́n gbójú sókè wo igi. "Ṣé ẹyẹ ń ké níhìn-ín?"

"Igi yìí kún fún wọn, Bàbá."

"Nísisìnyí?"

"Nísisìnyí."

Wọ́n mi orí. Mo ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lára òrùka mi. Nígbà tó yá, wọ́n dìde. "Gbé àpótí yẹn. A ń lọ sílé."

Àwọn bíríkìlà ti dé nígbà tí a wọlé, wọ́n ń po yẹ̀pẹ̀ mọ́ símẹ́ǹtì. Sójà dúró láàárín wọn, wọ́n sọ fún bàbá mi kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Ẹ dá iṣẹ́ dúró. Mo ti ba ìyàwó yín lórúkọ jẹ́ láìmọ̀. Etí mi kì í gbọ́ ohùn fàdákà. Bọ́má ti gbà á lọ. Ọmọ yìí ló ń gbọ́ ọ." Àwọn bíríkìlà gbé ọkọ́ sílẹ̀. Àǹtí jáde wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, aṣọ tí wọ́n ń ká ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Mo yí kókó títí ológbò fi sùn, mo bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri. Abẹ ẹ̀gbọ́n mi, sísàlẹ̀. Abẹ àbúrò mi, sísàlẹ̀. Ohùn sá lọ, mo dúró, mo pè é padà. Mo dé ìdí igi gúrọ́fà, orí abẹ tèmi, ohùn wọlẹ̀ bí mo ti rò. Ṣùgbọ́n bí àwo ti kọjá abẹ náà díẹ̀, ó gòkè, ó tín-ín-rín, ó fọn. Mo padà, mo tún padà. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní gbẹ́.

"Ẹ̀gbẹ́ ìwọ́ mi ló wà," ni mo wí.

Ìyá mi bọ́ síwájú. "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ni? Kí n hú ìwọ́ ọmọ mi nítorí ariwo inú àpótí? Kò ṣeé ṣe!"

Bàbá mi fi í sílẹ̀ fún wọn. Ìwọ́ ọmọ, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni. N kò bá ìyá mi jiyàn. Mo bọ́ ohun etí náà, mo dì í mọ́ wọn létí lórí gèlè wọn, mo fà wọ́n lọ́wọ́ wá sítòsí, mo sì gbé àwo kọjá níwọ̀n bí mo ti mọ̀ ọ́n gbé jẹ́ẹ́. Ẹni tó ti ń fi èékánná ta abọ́ létí kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n. Mo rí i lójú wọn nígbà tí ohùn wọlẹ̀, mo sì rí i nígbà tó gòkè. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Wọ́n rọra bọ́ ohun etí náà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n kọ ọkọ́ bíríkìlà sílẹ̀, wọ́n ń fi ìka wọn gbẹ́ ẹ.

Abẹ náà ló kọ́kọ́ jáde, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán. Ìyá mi gbé e sórí ìṣẹ́tí aṣọ wọn bí ẹni gbé ẹyin. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó jìn díẹ̀ sí i, ìkòkò kékeré kan wà tí wọ́n fi ìda dí lẹ́nu, ẹ̀gbà méjèèjì wà nínú rẹ̀, wọ́n ti dúdú bí èédú.

Ìyá mi tún abẹ náà sin pẹ̀lú ọwọ́ wọn, wọ́n tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀, wọ́n dìde tààrà sí yàrá Àǹtí. Mo tẹ̀lé wọn. Wọ́n tú okùn ẹrù náà, wọ́n fa ẹní jáde, wọ́n tẹ́ ẹ síbi tó máa ń wà. Wọ́n jókòó lé e. Ẹkún ti gba Àǹtí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó," ni ìyá mi wí, ohùn wọn kò ròkè, "kí lo máa sè fún wa lónìí? Ebi oúnjẹ rẹ ti pa mí pẹ́."

Àǹtí ò lọ sí Tamale. Àǹtí ló wọ ẹ̀gbà náà sí mi lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ dé. Símẹ́ǹtì ti bo àgbàlá náà láti ìgbà yẹn, àyàfi ìdí igi gúrọ́fà, tí ìyá mi ní kí àwọn bíríkìlà fò.

Nínú ilé ọkọ mi, àti lọ́jà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wá bá mi pé àwọn ti wo ọ̀rọ̀ lágbájá fínnífínní, kò sí òótọ́ kankan nínú rẹ̀. N kì í sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Sójà kò parọ́ fún wa lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Gbogbo ohun tí etí wọn gbọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tó ń gbọ́ irin nìkan, irin nìkan ló máa ròyìn. Mo kàn máa ń sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí èmi náà lọ tẹ́tí sí i, kí wọ́n sì má kán mi lójú.

Ní ti Sójà, ó pẹ́ kí wọ́n tó kúrò láyé. Bí wọ́n bá ń kọjá níwájú ìsọ̀ abọ́ wa, wọ́n á dúró, wọ́n á gbójú sókè wo òrùlé ọjà. "Ọmọ mi, àwọn ẹyẹ ńkọ́?" Èmi á fi abọ́ ọwọ́ mi sílẹ̀, n ò ní dáhùn títí n ó fi gbọ́ wọn ní tòótọ́, n ó wá sọ̀rọ̀ sókè kí wọ́n lè gbọ́ mi.

"Wọ́n ń ké, Bàbá. Wọ́n pọ̀ lónìí."