Nọ́ńbà Gígùn, Nọ́ńbà Kúkúrú

Ìyàwó Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kò sì bínú sí i. Obìnrin tó ń jẹun nídìí kọ̀ǹpútà, tó ń bá a sọ̀rọ̀, tó tún ń bá a jà, kí ni kí wọ́n máa pè é? Yàrá kékeré kan lókè àtẹ̀gùn irin ni wọ́n fún un, nínú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tún àwọn ẹ̀rọ iná ńláńlá ṣe. Láti ojú fèrèsé rẹ̀, ó ń rí gbogbo ìsàlẹ̀: àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣí ìdérí wọn, wáyà tó lọ́ mọ́ra wọn, àti bàbá rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ tó ti ṣá.

Bàbá Ó-ti-kú ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pe bàbá náà. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ á rò pé èpè ni, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ ńlá, iná inú rẹ̀ kì í tán lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń lúgọ síbẹ̀ títí wọ́n á fi fà á jáde. Bàbá ló máa ń dúró síwájú síkírínì tó ń fi iye iná tó ṣẹ́kù hàn. Tó bá ti rí i pé kò ku èyí tó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá, á ké pé, "Ó ti kú!" Ìgbà náà ni Gìrìpá, ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, á ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kéré ni Bàbá ti ń ké igbe yìí, òun náà ló sì fi dá tọ́ ọmọ náà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú.

Ọmọ yìí ló wá kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé nọ́ńbà sójú síkírínì. Tẹ́lẹ̀, bí nọ́ńbà bá ṣe wá ló ń jáde: 2400.000 fún iná tó lè sun èèyàn, 2.400 fún èyí tí kò lè pa eṣinṣin. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ẹ̀rọ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, òdo kún ojú síkírínì bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, àwọn tí ojú ń kán sì ń ṣì í kà. Ọ̀gá ní kó kọ ọ́ bí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe ń kọ ọ́: nọ́ńbà kékeré níwájú, lẹ́tà e tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà iye ìgbà tí èèyàn á sún póìǹtì sápá ọ̀tún. Mẹ́ta-mẹ́ta nìkan ni iye yìí gbọ́dọ̀ máa fò: e0, e3, e6.

Èdè kọ̀ǹpútà tó ń lò kò mọ mẹ́ta-mẹ́ta. Tó bá wù ú, á kọ e2. Tó bá wù ú, á kọ e4. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó tì í, ó fi mẹ́ta pín iye ẹ̀yìn e, ó yọ àṣẹ́kù, ó sún póìǹtì síbi tó yẹ. Ibi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè ni 999.96, tí kọ̀ǹpútà ń sún sókè, tó ń sọ di 1000e0 dípò 1.00e3. Nígbà tó rí ìyẹn tún ṣe, ó jó nínú yàrá rẹ̀ débi pé Gìrìpá pariwo láti ìsàlẹ̀: "Ìyàwó Kọ̀ǹpútà, ṣé ọkọ ẹ ti ra aṣọ fún ẹ ni?"

Iṣẹ́ náà dára lóòótọ́. Gbogbo nọ́ńbà gùn bákan náà: 2.40e3, 2.40e0. Ọ̀gá yìn ín níwájú gbogbo èèyàn. Bàbá nìkan ni kò bá wọn yìn ín. Nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ń jẹun nílé, ó ní, "Àwọn òdo yẹn, kí ni wọ́n fi ṣe yín gan-an?"

"Wọ́n ti pọ̀ jù, Bàbá. Wọ́n ń ṣì wọ́n kà."

"Èmi kì í kà wọ́n."

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àgídí àgbàlagbà lásán ni. Bàbá na ọwọ́ sí ife omi, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ó wá ń fi ìka wá a lórí tábìlì títí ó fi kàn án. Ọmọ rí i. Ó yára gbójú sí oúnjẹ rẹ̀, torí kò fẹ́ mọ ohun tó rí.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà, ó sọ̀kalẹ̀ láti wo bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó. Wọ́n pa ẹ̀rọ. Bàbá dúró sí ààyè rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tó jìnnà díẹ̀ sí síkírínì, ó ṣẹ́jú wò ó.

"Ó ti kú!"

Gìrìpá ká ọwọ́ aṣọ, ó na ọwọ́. Ọmọ wo síkírínì. 2.40e3.

"Bọ̀dá Gìrìpá, ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ó fa bẹ́líìtì rẹ̀ lẹ́yìn, àwọn méjèèjì ṣubú lu garawa tí wọ́n kó nọ́ọ̀tì sí. Sípánà ọwọ́ Gìrìpá já bọ́ sínú ẹ̀rọ, iná sì bú jáde.

Ọ̀gá sáré dé. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló ní ó ti kú?"

Bàbá kọjú sápá ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá tirẹ̀ pàdé. Ìgbà náà ló yé ọmọ. Bàbá kì í ka nọ́ńbà. Ó ti pẹ́ tí kò ti lè kà á. Bó ṣe gùn tó ló ń wò: èyí tó gùn ń pani, èyí tó kúrú kò lè ṣe nǹkan kan. Òun ọmọ rẹ̀ ló gé gbogbo wọn dọ́gba, tó sì fi 3 àti 0 sílẹ̀ fún un ní ìparí, àwọn méjì tó jọra lójú tó ń ṣe bàìbàì.

"Èmi ni, ọ̀gá," ni ọmọ sọ. "Ètò mi ló ní àléébù. Màá dá ti tẹ́lẹ̀ padà."

Ọ̀gá bú u bí ẹni máa lù ú. Ọmọ gòkè lọ láti pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́. Tí òdo bá ti padà, Bàbá á tún máa mọ gígùn yàtọ̀ sí kúkúrú, iṣẹ́ rẹ̀ ò ní bọ́, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ sí i. Ibi tó ti fẹ́ tẹ bọ́tìnì ni Gìrìpá ti kan ilẹ̀kùn.

"Àbúrò mi, o ṣeun o. Ọmọ tí ìyàwó mi lóyún ẹ̀ ì bá má mọ̀ mí."

"Ṣé ẹ kì í wo síkírínì ni?"

Gìrìpá rẹ́rìn-ín. "Kí ni mo fẹ́ wò? Tí Bàbá bá ti ní ó ti kú, ó ti kú nìyẹn."

Ọmọ gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ojú tó ń rí gígùn lónìí lè má rí i tó bá yá, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ Gìrìpá ló ń wọ inú ẹ̀rọ, kì í ṣe ọwọ́ Bàbá. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Nígbà tí wọ́n délé, ó kọ nọ́ńbà gàdàgbà sára páálí bisikíìtì, ó gbé e sókè. "Bàbá, kí ni mo kọ?"

Bàbá wò ó títí. Ohùn tó fi dáhùn kéré. "Ṣé ó gùn ni, àbí ó kúrú?"

Omi bọ́ lójú ọmọ. "Ìgbà wo ló ti ń ṣe yín báyìí?"

"Ó ti pẹ́. Tí mo bá jókòó sílé, kí ni kí n máa ṣe? Kí n máa ka igi àjà?"

"Bọ̀dá Gìrìpá ń retí ọmọ, Bàbá. Tí ẹ ò bá sọ fún ọ̀gá, èmi á sọ fún un."

"Ìwọ," ni Bàbá wí, "ìwọ tí mo fi ojú yìí tọ́." Ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé ibi iṣẹ́. Ọmọ kò tíì dá òdo kankan padà. Wọ́n pa ẹ̀rọ. Gìrìpá ká ọwọ́ aṣọ, ó ń retí igbe. Ọmọ ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí àtẹ̀gùn irin, torí tí Bàbá bá ké, òun ló máa kígbe lé e lórí níwájú gbogbo ayé.

Bàbá kúrò ní ààyè rẹ̀. Ó sún mọ́ síkírínì títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Gìrìpá. Má fọwọ́ kàn án. Mi ò rí i."

Gìrìpá rò pé àwàdà ni. "Ẹ ò rí kí ni?"

"Ojú mi ò ríran mọ́. Ó ti pẹ́." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó kó o lé Gìrìpá lọ́wọ́. Ọ̀gá ti jáde wá. Ó ti gbọ́ ọ.

Ọmọ sáré sọ̀kalẹ̀, ó di ìgúnpá Bàbá mú. Bàbá gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Fi mí sílẹ̀. Ojú ni, kì í ṣe ẹsẹ̀." Ó dá nìkan rìn dé ẹnu ọ̀nà. Níbẹ̀ ló ti dúró. Kò wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó na ìgúnpá sẹ́yìn díẹ̀, ó ń dúró dè é.

Lẹ́yìn wọn, Gìrìpá ń fúnra rẹ̀ ka síkírínì sókè, fún ìgbà àkọ́kọ́: "Méjì. Póìǹtì. Mẹ́rin. Òdo. E... òdo." Ó tún un kà. "Ó ti kú," ló wá sọ. Bàbá dúró gbọ́ ọ tán kí ó tó jẹ́ kí ọmọ mú òun jáde.